Ìwé Pélébé Abẹ́ Bọ́nẹ́ẹ̀tì

Ó ti tó ọdún 18 tí ọ̀gá kan ní Ìbàdàn ti ń bá mi tún ẹ̀rọ amúlétutù inú ọkọ̀ mi ṣe. Ní gbogbo àkókò yìí, n kò mọ̀ ọ́n sí ẹni tí í fi iṣẹ́ ṣeré. Bí ó bá ti fi ọwọ́ kan páìpù lásán, yóò ti mọ̀ bóyá gáàsì inú rẹ̀ ti dínkù. Ìdí nìyí tí ó fi dùn mí wọra pé ọkọ̀ tèmi gan-an ni ó fẹ́ ba orúkọ rẹ̀ jẹ́ lójú àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀.

Tòkunbọ̀ ni ọkọ̀ náà, ọ̀kan nínú irú èyí tí wọ́n ń pè ní háíbíríìdì. Agbára méjì ni ó ń lò: ẹ́ńjìnnì tí ń mu bẹntiróòlù, àti mọ́tò tí ń lo iná mànàmáná láti inú bátìrì ńlá kan ní ẹ̀yìn ọkọ̀. Irú ọkọ̀ bẹ́ẹ̀ kì í ṣe ohun àná, nítorí pé ọdún 1997 ni Toyota ti kọ́kọ́ gbé Prius jáde fún títà ní ilẹ̀ Jàpáànù. Ṣùgbọ́n ọkọ̀ lè wọ ìlú kí ìmọ̀ rẹ̀ má tíì wọ̀ ọ́.

Ní ọjọ́ Sátidé kan tí ooru mú, afẹ́fẹ́ tí ń jáde nínú ọkọ̀ náà gbóná bí ẹnu ààrò. Mo gbé e lọ bá ọ̀gá. Ó wá ibi tí páìpù ti ń jò, ó dí i, ó fa afẹ́fẹ́ inú rẹ̀ jáde, ó rọ ọ́ìlì díẹ̀ sí i, ó sì fi gáàsì R-134a kún un. Èmi jókòó lábẹ́ igi, mo ń ka ìwé. Kò pẹ́ tí atẹ́gùn tútù bẹ̀rẹ̀ sí í fẹ́. Mo sanwó, mo dúpẹ́, mo lọ sílé. Ní ọjọ́ kẹta, iná ìkìlọ̀ tàn níwájú mi nínú ọkọ̀. Mo pa á. Nígbà tí mo sì fẹ́ gbéra padà, ọkọ̀ kò dáhùn mọ́.

Ọkọ̀ akẹ́rù kan ni ó gbé e padà sí ṣọ́ọ̀bù. Ọ̀gá ṣí bọ́nẹ́ẹ̀tì, ó mú sípánà, ó fẹ́ tú ibi tí wáyà aláwọ̀ ọsàn kan ti wọ inú kọ̀ǹpírẹ́sọ̀. Àfi bí ọmọ iṣẹ́ rẹ̀ ṣe fò mọ́ ọn lọ́wọ́.

“Ẹ dákun, ọ̀gá! Iná inú èyí lé ní fóòtì 200. Ó lè pa ènìyàn.”

Gbogbo wa dákẹ́. Ọmọdékùnrin náà wá tọ́ka sí ìwé pélébé kan tí wọ́n lẹ̀ mọ́ abẹ́ bọ́nẹ́ẹ̀tì, ó sì ṣe àlàyé. Nínú ọkọ̀ tí ọ̀gá mọ̀, bẹ́líìtì ara ẹ́ńjìnnì ni ó ń yí kọ̀ǹpírẹ́sọ̀. Ṣùgbọ́n ẹ́ńjìnnì háíbíríìdì a máa kú fúnra rẹ̀ nínú súnkẹrẹ-fàkẹrẹ. Kí inú ọkọ̀ má baà gbóná nígbà bẹ́ẹ̀, wọ́n fi mọ́tò oníná sínú kọ̀ǹpírẹ́sọ̀ tirẹ̀. Ọ́ìlì àti gáàsì ń ṣàn kọjá lára wáyà inú mọ́tò yìí. Nítorí náà, ọ́ìlì tí kì í jẹ́ kí iná kọjá nìkan ni ó yẹ ẹ́, irú èyí tí wọ́n ń pè ní POE. PAG tí a ń lò fún àwọn ọkọ̀ mìíràn kì í dáàbò bo wáyà bẹ́ẹ̀. Bí ó ti wù kí ó kéré mọ, iná lè ti ibẹ̀ jò sí ara ọkọ̀. Bí kọ̀ǹpútà ọkọ̀ bá sì ti mọ̀ ọ́n lára, ó lè kọ̀ pé òun kò gbéra mọ́. PAG ni ọ̀gá rọ sí i.

Ọmọdé gbọ́n, àgbà gbọ́n, ni a fi dá Ilé-Ifẹ̀. Ọ̀gá kò bínú sí ọmọ náà. Ó kàn jókòó sórí táyà, ó ní, “Tíṣà, èmi ni n ó san án.” Mo mọ̀ pé kò ní in, nítorí pé a ní láti pààrọ̀ kọ̀ǹpírẹ́sọ̀ àti gbogbo ibi tí ọ́ìlì náà dé.

Mo dá a lóhùn pé rárá. Ọ̀gá kì í ṣe púrúǹtù. Ó ń ka Bíbélì Yorùbá àti ìwé ìròyìn Yorùbá láìkọsẹ̀; Gẹ̀ẹ́sì tí wọ́n fi kọ ìwé pélébé náà ni kò gbọ́. Èmi tí mo gbọ́ ọ ni mo ń ka ìwé mìíràn lábẹ́ igi. Ta ni ó jẹ̀bi nínú àwa méjèèjì? Èmi ra ẹ̀yà ara tuntun. Òun ṣe iṣẹ́ láìgba kọ́bọ̀.

Nígbà tí ọkọ̀ jí, mo mú páálí kan wá láti kọ ìlànà iṣẹ́ náà ní Yorùbá. Mo ti fi òru kan wá orúkọ fún ọ́ìlì yìí, gbogbo èyí tí mo sì rí ni ó gùn bí oríkì ọba. Ọ̀gá rẹ́rìn-ín, ó ní, “Ṣé kì í ṣe ọ̀nà ni ó ń dí mọ́ iná? Ẹ pè é ní adínà-iná.” Ohun tí mo kọ nìyí:

“Pa ọkọ̀. Tú bátìrì kékeré. Wọ ìbọ̀wọ́ rọ́bà tí iná kì í là kọjá. Yọ pílọ́ọ̀gì ara bátìrì ńlá, kí o fi sínú àpò ara rẹ, kí ẹlòmíràn má baà dá a padà. Dúró fún ìṣẹ́jú 10. Má ṣe lo họ́ọ̀sì tí PAG ti gba inú rẹ̀ kọjá. Ọ́ìlì adínà-iná nìkan ni kí o rọ sí i.”

Ẹ̀yin ẹlẹgbẹ́ mi nínú iṣẹ́ èdè, láti ọdún 1970 ni Ọ̀jọ̀gbọ́n Babs Fáfúnwá àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ti bẹ̀rẹ̀ sí í fi Yorùbá kọ́ àwọn ọmọ ilé-ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ní Ifẹ̀, títí kan sáyẹ́ǹsì. Kí ni a ti kọ fún àwọn bàbá wọn ní ṣọ́ọ̀bù? Àwọn mẹkáníìkì láti ṣọ́ọ̀bù mìíràn ti ń wá ka páálí náà lára ògiri. Ọ̀gá ni ó ń ṣàlàyé rẹ̀ fún wọn. Ọmọ iṣẹ́ rẹ̀ a sì dúró tì í.