Àwa Ọmọ Ẹ̀bá Ojú Irin Agége

Nítorí ẹrù ni àwọn òyìnbó ṣe la irin gba Agége kọjá, kì í ṣe nítorí ẹni tó fẹ́ dé ibi iṣẹ́. Irin náà dé Ìbàdàn ní 1901, ó dé Kánò ní 1912. Kòkó ń sọ̀kalẹ̀ lọ sí èbúté, obì gbànja Agége ń gòkè lọ sí ilẹ̀ Haúsá, àwọn Haúsá oníṣòwò obì sì wá fìdí kalẹ̀ sí Sábó ní Agége.

Àwọn bàbá wa ló sọ rélùwéè di ọkọ̀ òṣìṣẹ́. Àwa tí wọ́n bí ní nǹkan bí 1970 la jogún rẹ̀, àmọ́ ó ti gbó kó tó kàn wá. Ilẹ̀ kì í tíì mọ́ tán tí èrò ti ń kún ìdíkọ̀. Àwọn kan a rọ̀ mọ́ ẹnu ọ̀nà, àwọn kan a gun òrùlé. Nínú ọkọ̀, oníwàásù ń pariwo, alágbo jẹ̀dí ń polówó.

"Màmá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ sún díẹ̀."

"Ọmọ mi, ibo ni kí n sún sí? Orí ẹsẹ̀ ẹ?"

À ń bú u, à ń wọ̀ ọ́, nítorí súnkẹrẹ-fàkẹrẹ títì burú jù ú lọ.

A ṣì ń wọ ṣòkòtò péńpé nígbà tí Alhaji Lateef Jakande, gómìnà Èkó, gbé ètò ọkọ̀ ojú irin Metroline kalẹ̀. Ní 1985, ìjọba ológun Buhari fagi lé e. A dàgbà, a bímọ, àwọn ọmọ náà bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́. Oṣù kẹwàá 2024 ni Red Line, ọkọ̀ ojú irin ìjọba Èkó, tó bẹ̀rẹ̀ sí í kó èrò láti Agbádó dé Oyíngbò. Ìdíkọ̀ 8 ló ní, Agége wà lára wọn. Ìpínlẹ̀ Wisconsin ní Amẹ́ríkà ni wọ́n kọ́kọ́ ṣe ọkọ̀ náà fún, kí Èkó tó rà á. Káàdì Cowry ni àwọn ọmọ wa fi ń wọlé, ẹ̀rọ amúlétutù sì ń fẹ́ sí wọn lára.

Wọ́n ní ká dúpẹ́. A dúpẹ́. Ṣùgbọ́n kí ẹnikẹ́ni má pè é ní ẹ̀bùn. Gbèsè ni, ọdún 39 ló sì wà nílẹ̀ kí wọ́n tó san án. Ẹ̀yin ọmọ wa, bí ìjọba bá tún ṣèlérí, ẹ kọ ọdún rẹ̀ sílẹ̀, kí ẹ sì máa béèrè lọ́wọ́ wọn láti ọjọ́ náà lọ. Àwa ò béèrè tó.