Àbúrò mi fẹ́ẹ́ lọọ́ ka ìnàkí lórí òkè, ni Mọ́mì wa bá figbe ta

Lọ́jọ́ tí àbúrò mi wálé wá sọ fún wa l'Ógìjo pé òun fẹ́ẹ́ lọọ́ lo oṣù mẹ́ta lórí òkè láàárín àwọn ìnàkí, ńṣe ni Mọ́mì wa gbé abọ́ ìkọ́kọrẹ́ tó wà lọ́wọ́ wọn kalẹ̀, wọ́n káwọ́ lérí. Wọ́n ní, "Ta ni mo ṣẹ̀ o? Ọmọ tí mo fi owó gàrí rán ní yunifásítì, ìnàkí ló fẹ́ẹ́ lọọ́ bá gbé!" Mo kọ́kọ́ fẹ́ẹ́ rẹ́rìn-ín, àmọ́ nígbà tí mo rí i pé omi ti lé sójú wọn, mo panu mọ́.

Ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé bọ́rọ̀ ṣe jẹ́. Ẹ̀kọ́ nípa igbó àti ẹranko ni ọmọ náà ń kọ́ l'Ábẹ́òkúta. Ó ti gba dìgírì àkọ́kọ́, èkejì ló ń ṣe lọ́wọ́, ibi tó sì ti fẹ́ẹ́ ṣe ìwádìí ẹ̀ ni Gashaka-Gumti, ọgbà ẹranko ìjọba àpapọ̀ tó wà ní ìpínlẹ̀ Taraba àti Adamawa, lẹ́bàá ẹnubodè Kamẹrúùnù. Ọdún 1991 ni ìjọba dá a sílẹ̀ gẹ́gẹ́ bí ọgbà àpapọ̀, kò sì sí èyí tó tóbi tó o nínú irú ẹ̀ ní Nàìjíríà. Ibẹ̀ náà ni òkè Chappal Waddi wà, òkè tó ga ju gbogbo òkè ilẹ̀ wa lọ. Gíga ẹ̀ lé ní mítà 2,400. Òkè Olúmọ tá a fi ń yangàn ní ìpínlẹ̀ Ògùn kò tó mítà 150.

Ìnàkí ló fẹ́ẹ́ lọọ́ kà níbẹ̀. Ẹ̀yà ìnàkí mẹ́rin ló wà láyé, èyí tó wà lọ́dọ̀ wa ló sì kéré jù níye. Nàìjíríà àti Kamẹrúùnù nìkan lèèyàn ti lè rí i, àwọn onímọ̀ sì fojú bù ú pé gbogbo wọn kò pé 10,000. Díẹ̀ ṣì wà nílẹ̀ Yorùbá náà, nínú igbó Ọmọ àti lápá ibi tí igbó Ìdànrè wà, ṣùgbọ́n Gashaka ni wọ́n ti pọ̀ díẹ̀. Ẹ má rò pé ó máa tò wọ́n sórí ìlà bí ọmọ iléèwé o. Wọn kì í jẹ́ kéèyàn sún mọ́ wọn. Àmọ́ ní gbogbo ìrọ̀lẹ́, ìnàkí tó bá ti dàgbà á tẹ ẹ̀ka igi papọ̀, á fi ṣe ibùsùn, tí ilẹ̀ bá tún ṣú lọ́jọ́ kejì, á ṣe òmíràn. Ibùsùn yẹn ni àbúrò mi máa kà: irú igi wo ló wà, ṣé ewé ẹ̀ ṣì tutù àbí ó ti gbẹ. Látinú ìyẹn ni wọ́n ti ń ṣírò iye ìnàkí tó wà.

Gbogbo àlàyé yìí ni mo ṣe fún Mọ́mì. Wọ́n wojú mi, wọ́n ní, "Ìwọ lẹ̀gbọ́n. Tí nǹkan bá ṣe ọmọ mi, ọrùn ẹ ló wà o." Ọ̀rọ̀ náà wọ̀ mí lára. Ẹni tó bá ń gbọ́ ìròyìn lórílẹ̀-èdè yìí mọ̀ pé ọ̀nà ò dáa, àwọn ajínigbé ò sì bèèrè bóyá akẹ́kọ̀ọ́ lèèyàn.

Mo wá rántí ìtàn kan, mo ní kí n fi tù wọ́n nínú. Mo ní òyìnbó obìnrin kan wà tí wọ́n ń pè ní Jane Goodall, ẹni ọdún 26 ni nígbà tó wọ igbó Gombe ní Tanzania lóṣù keje, ọdún 1960, láti lọọ́ wo ìnàkí. Àwọn aláṣẹ ní ọmọbìnrin ò lè dá gbé nínú igbó, ìyá ẹ̀ bá tẹ̀ lé e. Ibà dá àwọn méjèèjì wólẹ̀, ṣùgbọ́n wọ́n là á já. Lọ́dún yẹn náà ló rí ìnàkí tó ki koríko bọ inú òkìtì láti fi yọ ikán jẹ, bẹ́ẹ̀ ohun táwọn onímọ̀ ń sọ tẹ́lẹ̀ ni pé èèyàn nìkan ló ń ṣe irinṣẹ́. Ọmọ ọdún 91 ni nígbà tó kú lóṣù kẹwàá, ọdún 2025.

Mo rò pé mo ti sọ̀rọ̀ ọgbọ́n. Mọ́mì nu ojú wọn, wọ́n ní, "Ó dáa bẹ́ẹ̀. Èmi náà á tẹ̀ lé e. Ọjọ́ wo la ń lọ?" Wàhálà ọ̀tun dé!

Bàbá Ọdẹ ló yọ wá. Àbúrò bàbá bàbá wa ni, wọ́n ti lé lọ́gọ́rin ọdún. A lọọ́ bá wọn pé kí wọ́n bá Mọ́mì sọ̀rọ̀. Bàbá bi àbúrò mi pé, "Ìbọn wo lo máa gbé dání?" Ó ní òun ò gbé ìbọn. "Kí lo wá fẹ́ẹ́ fi pa á?" Ó ní òun ò fẹ́ẹ́ pa á, òun fẹ́ẹ́ kà á ni. Bàbá rẹ́rìn-ín títí ikọ́ fi gbà wọ́n. Lẹ́yìn náà ni wọ́n dákẹ́, wọ́n ń wo ìta. Wọ́n ní, "Ẹ̀yìnkùlé yìí ni ẹtu ti ń sáré nígbà témi wà lọ́mọdé. A pa wọ́n, a jẹ wọ́n, a tà wọ́n. A ò kà wọ́n. Ká ní a kà wọ́n ni, à bá mọ̀ pé wọ́n ń tán." Ibi tí wọ́n ń nawọ́ sí yẹn, iléeṣẹ́ tó ń yọ́ irin ló wà níbẹ̀ báyìí, èéfín ẹ̀ la sì ń fà símú látàárọ̀ dalẹ́.

Láti ọjọ́ yẹn ni ìmúra ti bẹ̀rẹ̀ gidi. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ìlú òyìnbó, àkókò ọlidé wọn láti oṣù kẹfà sí ìkẹjọ ni wọ́n máa ń ráyè ṣe irú iṣẹ́ yìí. Lórí òkè Gashaka, ìgbà yẹn ni òjò ń rọ̀ jù, odò á kún, mọ́tò ò ní í ríbi gbà. Ìdí nìyẹn tí àbúrò mi fi mú oṣù kejìlá sí oṣù kejì. Ẹ̀ẹ̀rùn náà sì ní tiẹ̀: ọyẹ́ á máa fẹ́, òru orí òkè tutù, a ní láti wá súwẹ́tà tó nípọn.

Bàbá Ọdẹ kọ́ ọ bí wọ́n ṣe ń mọ ibi tí atẹ́gùn ti ń fẹ́ wá, wọ́n ní kó má fi ọṣẹ olóòórùn wẹ̀, kó má sì dá nìkan wọgbó. Ọ̀rọ̀ ejò nìkan ni wọn ò ti fẹnu kò. Bàbá ní kí wọ́n fi abẹ sín in, àbúrò mi ní rárá o, kò gbọdọ̀ sí abẹ, ẹnu ò gbọdọ̀ fà á, wọn ò gbọdọ̀ so ó pinpin. Kí wọ́n fi igi gbe ẹsẹ̀ náà kó má mira, kí wọ́n sì sáré gbé aláìsàn lọ sílé ìwòsàn.

Bàtà ló dá wa lágara jù. A ra tókunbọ̀ kan lọ́jà, ẹni tó tà á búra pé sójà ló wọ̀ ọ́. Mo ní ká lọọ́ dán an wò ní Òkè Ìdànrè, níbi tí àtẹ̀gùn ti lé ní 600. Àbúrò mi gbé báàgì tí ẹrù kún inú ẹ̀ kọ́ ẹ̀yìn, ó ń gòkè. A ò tíì dé ìdajì tí àtẹ́lẹsẹ̀ bàtà fi yanu bí ẹja. Àwọn ọmọdé ibẹ̀ fi wá ṣe yẹ̀yẹ́, àmọ́ mo dúpẹ́ pé Ìdànrè ló ti já, pé kì í ṣe ibi tí kò ti sí mọ́tò tàbí nẹ́tíwọ̀kì. Owó tí mo fẹ́ẹ́ fi tún ẹ́ńjìnnì jẹnẹrétọ̀ wa ṣe ni mo fi ra tuntun.

Ohun kan tún wà tí mi ò rò rí. Èmi ń bẹ̀rù kí ìnàkí má ṣe àbúrò mi léṣe, òun ń bẹ̀rù kóun má pa ìnàkí. Òfìnkìn tó ń ṣe wá lásán lè pa á, torí ara wọn jọ tiwa. Bí ikọ́ bá ń ṣe é, kò gbọdọ̀ kúrò ní àgọ́. Bí ó bá ṣèèṣì pàdé wọn, ìbòmú gbọ́dọ̀ wà nímú ẹ̀, kó sì jìnnà sí wọn dáadáa.

Mọ́mì ò sọ pé àwọn gbà. Wọ́n kàn ra ṣẹ́ẹ̀tì búlúù mẹ́ta àti ṣòkòtò búlúù méjì wálé lọ́jọ́ kan. Àbúrò mi wò wọ́n, kò mọ bó ṣe máa sọ ọ́. Èmi ni mo sọ ọ́: àwọn eṣinṣin tsetse tó ń fa àìsàn oorun, àwọ̀ búlúù àti dúdú ló máa ń fà wọ́n, kódà aṣọ búlúù ni wọ́n fi ń ṣe pańpẹ́ tí wọ́n fi ń mú wọn. Mọ́mì ò fèsì. Wọ́n kó aṣọ wọn wọ yàrá.

Àdéhùn wa ni pé ní gbogbo ọ̀sẹ̀ méjì-méjì, á máa sọ̀ kalẹ̀ wá sí Serti láti pè wá. Bí ọjọ́ bá pé tá ò gbọ́ ohùn ẹ̀, èmi ni mo máa gbéra. Mo ti kọ nọ́ńbà ọ̀gá ẹ̀ ní yunifásítì àti tàwọn ẹ̀ṣọ́ ọgbà sẹ́yìn ilẹ̀kùn. Mi ò ní í parọ́ fún yín, ọkàn mi ò tíì balẹ̀.

Ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀ ló ń lọ. Lálẹ́ àná, Mọ́mì gbé gàrí Ìjẹ̀bú wá, èyí táwọn fúnra wọn yan gbẹ, tí wọ́n dì sínú náílọ́ọ̀nù mẹ́ta kí omi má bàa wọ̀ ọ́. Ṣẹ́ẹ̀tì mẹ́ta tún wà lórí ẹ̀, aláwọ̀ ilẹ̀ ni gbogbo wọn. Wọ́n ti lọọ́ pààrọ̀ ẹ̀. Wọ́n kó o fún ọmọ wọn, wọn ò wojú ẹ̀.

Wọ́n ní, "Kà wọ́n dáadáa o. Kó o sì ka ọjọ́ tó o máa padà wálé."