Ojú ni Olórí Irinṣẹ́ Jórinjórin

Ìwọ ọ̀dọ́ tí ó fẹ́ kọ́ iṣẹ́ jórinjórin, fetí sí mi. Ní ọjọ́ kìíní tí mo dé ìsọ̀, ọ̀gá mi kìlọ̀ pé n kò gbọdọ̀ wo iná náà láìfi dígí dúdú bojú. Ṣùgbọ́n mo fẹ́ kí àwọn ẹgbẹ́ mi mọ̀ pé akíkanjú ni mí; mo sì ń wò ó títí ọjọ́ fi rọ̀. N kò mọ ìrora kankan lára. Nígbà tí ó di òru, ojú bẹ̀rẹ̀ sí ta mí bí ẹni pé a da iyanrìn sí i. Omi ń dà, n kò sì lè lajú. Ní ọjọ́ kẹta ni ó tó san. Ewu tí kì í dunni lójú ẹsẹ̀ ni kí o bẹ̀rù jù. Bí irin bá bàjẹ́, a ó ra òmíràn. Ta ni ń ta ojú lọ́jà?