Aláìsàn tí Kò Lè Fẹnu Sọ Àrùn Rẹ̀

Ohun èlò tí ọmọ ènìyàn fi ọwọ́ ara rẹ̀ ṣe kò ní ẹnu tí yóò fi ké ìrora. Ọkọ́ tí ẹnu rẹ̀ ti kú kò ní sọ fún àgbẹ̀ pé òun ti kú. Iṣẹ́ tí kò yá mọ́ ni àgbẹ̀ yóò fi mọ̀. Nílùú Ìsẹ́yìn, níbi tí òfì híhun ti jẹ́ iṣẹ́ àjogúnbá, bí ọ̀kọ̀ kò bá já gaara láàárín òwú mọ́, ahunṣọ kì í tìtorí bẹ́ẹ̀ dáná sun òfì rẹ̀. Yóò dá ọwọ́ dúró, yóò máa wo òwú ní ẹyọ kọ̀ọ̀kan títí yóò fi kan ibi tí ó ti ta kókó. Bẹ́ẹ̀ gan-an ni ọ̀rọ̀ kọ̀ǹpútà alágbèéká tí àwọn ènìyàn ń pè ní láptọ́ọ̀pù. Bí ó bá ń fàlẹ̀, ìfàlẹ̀ náà ni igbe rẹ̀. Ẹni tí ó ni ín ni yóò wádìí ohun tí ó ń ké sí.

Ní ìjọba ìbílẹ̀ mẹ́wẹ̀ẹ̀wá tí ó wà ní Òkè-Ògùn, kọ̀ǹpútà ti kúrò ní ohun ìran. Ní ọdún 2013 ni àjọ JAMB bẹ̀rẹ̀ sí fi kọ̀ǹpútà ṣe ìdánwò àṣewọ yunifásítì. Nígbà tí ó fi di ọdún 2015, ìdánwò oníwèé ti kásẹ̀ nílẹ̀. Orí íntánẹ́ẹ̀tì ni àwọn ilé-ẹ̀kọ́ girama ti ń forúkọ akẹ́kọ̀ọ́ sílẹ̀ fún ìdánwò WAEC àti NECO, ibẹ̀ náà ni wọ́n sì ń gbà fi máàkì iṣẹ́ inú kíláàsì ránṣẹ́. Nítorí náà, bí kọ̀ǹpútà olùkọ́ bá ń fàlẹ̀ ní ọ̀sẹ̀ tí ìforúkọsílẹ̀ ń parí lọ, kì í ṣe ọ̀rọ̀ olùkọ́ nìkan mọ́. Ọ̀rọ̀ ọmọ ọlọ́mọ ni.

Irú rẹ̀ ni ó dé bá olùkọ́ èdè Yorùbá kan ní Ṣakí ní ìgbà ọyẹ́. Tòkúnbọ̀ ni kọ̀ǹpútà rẹ̀, ó sì ti sìn ín fún ọdún mẹ́fà láìṣe wàhálà. Tẹ́lẹ̀ rí, kí ó tó bu omi mu tán ni kọ̀ǹpútà náà yóò ti ṣí. Ṣùgbọ́n nígbà tí ọyẹ́ mú, ó lè tẹ̀ ẹ́ kí ó lọ wẹ̀, kí ó wọ aṣọ, kí ó sì padà wá bá àmì róbótó kan tí ń pòòyì lójú rẹ̀. Bí ó bá tẹ ọ̀rọ̀, ọ̀rọ̀ náà kò ní jáde títí ọkàn yóò fi kúrò níbẹ̀. Bí ó bá wá fẹ́ fi àmì ohùn sí i, orí ọ̀rọ̀ mìíràn ni àmì náà yóò bọ́ sí.

Máàkì àwọn akẹ́kọ̀ọ́ wà nínú rẹ̀, ṣùgbọ́n ohun tí ó ba olùkọ́ náà lẹ́rù ju máàkì lọ. Fún ọdún mọ́kànlá ni ó ti ń lọ sí abúlé àti oko ní ìhà Ìgbòho àti Ṣẹpẹ̀tẹ̀rí, tí ó ń gba ohùn àwọn ọdẹ tí ń sun ìjálá sílẹ̀, àti ti àwọn ìyá àgbà tí ẹkún ìyàwó kò tíì kúrò lẹ́nu wọn. Méjì nínú àwọn ọdẹ náà ti dolóògbé. Inú kọ̀ǹpútà yìí nìkan ni ohùn wọn kù sí.

Ìmọ̀ràn kò wọ́n. Ẹnì kan ní ó ti gbó, kí ó lọ ra òmíràn. Ẹlòmíràn ní kí wọ́n nu gbogbo inú rẹ̀ nù, kí wọ́n sì bẹ̀rẹ̀ rẹ̀ lákọ̀tun. Ẹnì kẹta mú ètò kan wá nínú fláàṣì, ó ní bí wọ́n bá ti fi sínú rẹ̀, yóò máa sáré bí ẹtu. Oníkálùkù ni ó ní oògùn lọ́wọ́. Kò sí ẹni tí ó béèrè àrùn. Bí ó bá ṣe pé ìmọ̀ràn ẹnì kejì ni olùkọ́ náà gbà, ìjálá ọdún mọ́kànlá ìbá ti bá a lọ láàárín wákàtí kan.

Ọ̀dọ́mọkùnrin kan wà nínú ìlú tí ń tún kọ̀ǹpútà ṣe. Ọmọ kíláàsì olùkọ́ náà ni nígbà kan rí. Nígbà tí ó rí bàbá náà lókèèrè, ó dìde, ó dọ̀bálẹ̀, ó sì gba àpò lọ́wọ́ rẹ̀.

“Ẹ káàbọ̀, sà. Ẹ jókòó. Kí ló ṣe é?”

“Ó ti ń wọ́lẹ̀ bí ìgbín, ọmọ mi. Wọ́n ní kí n gbé e wá kí o nu inú rẹ̀ nù.”

“Háà, ẹ má tíì jẹ́ kí á nu nǹkan kan nù, sà. Ìgbà wo ló bẹ̀rẹ̀? Ṣé gbogbo ìgbà ló ń ṣe é, àbí ó ní àkókò? Ṣé ó máa ń gbóná? Ṣé ẹ máa ń gbọ́ ohùn kankan nínú rẹ̀?”

Olùkọ́ náà rẹ́rìn-ín. Ọ̀rọ̀ tí òun fúnra rẹ̀ ń tẹnu mọ́ nínú kíláàsì àròkọ ni ọmọ yìí ń sọ fún un: kí akẹ́kọ̀ọ́ ka ìbéèrè lẹ́ẹ̀mejì kí ó tó gbé kálàmù. Ó dáhùn pé ó ń gbóná, àti pé lóru, nígbà tí ilé bá pa rọ́rọ́, òun máa ń gbọ́ tí ó ń dún kẹ́-kẹ́-kẹ́.

Ojú ọ̀dọ́mọkùnrin náà yí padà. Ó ní, “Sà, kí á tó yẹ ohunkóhun wò, ẹ jẹ́ kí á kọ́kọ́ kó ohun tó ṣe iyebíye jáde.” Ìdí rẹ̀ kò jìnnà. Díìsìkì ni àká tí kọ̀ǹpútà ń kó ohun gbogbo pa mọ́ sí. Ilé-iṣẹ́ IBM ni ó kọ́kọ́ gbé irú rẹ̀ jáde ní Amẹ́ríkà ní ọdún 1956. Àwo ńláńlá 50 ni ó wà nínú rẹ̀, síbẹ̀ kò gbà ju bíi mílíọ̀nù 5 lẹ́tà lọ. Èyí tí ó wà nínú ọ̀pọ̀ kọ̀ǹpútà alágbèéká àtijọ́ kéré tó àtẹ́lẹwọ́, a sì máa yí po ní ìgbà 5,400 láàárín ìṣẹ́jú kan. Ohun kan bí abẹ́rẹ́ ni ó ń ka ohun tí a kọ sára àwo náà láìfara kàn án. Bí ojú kan bá bàjẹ́ lára àwo, abẹ́rẹ́ yóò kà á tì, yóò tún un kà, yóò tún un kà, gbogbo iṣẹ́ yòókù yóò sì máa dúró dè é. Lójú ẹni tí ó jókòó sídìí kọ̀ǹpútà, ìfàlẹ̀ lásán ni. Ṣùgbọ́n irú ìfàlẹ̀ bẹ́ẹ̀ lè jẹ́ ìkìlọ̀ ìkẹyìn kí díìsìkì tó kú. Ẹni tí ó bá wá ń tàn án, tí ó ń pa á, tí ó ń gbìyànjú oríṣiríṣi ètò lórí rẹ̀, ọjọ́ ikú rẹ̀ ni ó ń sún mọ́ tòsí.

Wọ́n so díìsìkì mìíràn mọ́ kọ̀ǹpútà náà láti ìta, wọ́n sì bẹ̀rẹ̀ sí kó ẹrù. Ohùn ni wọ́n kọ́kọ́ kó, lẹ́yìn náà máàkì, lẹ́yìn náà àwọn ìwé yòókù. Ọjọ́ méjì gbáko ni ó gbà wọ́n.

Ìgbà tí ẹrù dé èbúté ni àyẹ̀wò tó bẹ̀rẹ̀. Ọ̀dọ́mọkùnrin náà tẹ Ctrl, Shift àti Esc pọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà, àtẹ kan sì là tí ó ń fi ìlò agbára kọ̀ǹpútà hàn. Lórí àtẹ yìí ni ènìyàn ti lè rí ẹni tí ó ń ṣiṣẹ́ àti ẹni tí ó ń jẹ́ kí iṣẹ́ dúró. Ọpọlọ kọ̀ǹpútà, èyí tí ń ṣe ìṣirò, fẹ́rẹ̀ẹ́ má ṣe nǹkan kan. Ṣùgbọ́n díìsìkì ti kún dé 100 nínú 100, bẹ́ẹ̀ ni kò sí ẹni tí ó rán an níṣẹ́. Ohun mìíràn tí àtẹ náà fi hàn ni RAM. Bí díìsìkì bá jẹ́ àká, RAM ni tábìlì tí kọ̀ǹpútà ti ń ṣiṣẹ́. Bí tábìlì bá kún, kọ̀ǹpútà yóò máa gbé ohun kan lọ sí àká kí ó lè rí àyè gbé òmíràn kalẹ̀, lílọ-bíbọ̀ yìí a sì máa jẹ àkókò. Ìdí nìyí tí kọ̀ǹpútà tí ara rẹ̀ le fi lè máa fàlẹ̀ nígbà tí ènìyàn bá ṣí ojú ìwé íntánẹ́ẹ̀tì 20 sílẹ̀ lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo.

Lẹ́yìn èyí ni wọ́n pa á, tí wọ́n yọ bátìrì, tí wọ́n sì tú ìdí rẹ̀. Eruku ọyẹ́ ti dì mọ́ ẹnu fáànù bí ẹ̀gbọ̀n òwú. Gbogbo ará Òkè-Ògùn ni ó mọ ohun tí ọyẹ́ ń fi eruku ṣe láàárín oṣù kejìlá sí oṣù kejì. Ohun tí ó ń bo ewé àti òrùlé ni ó ń wọ inú kọ̀ǹpútà pẹ̀lú. Bí atẹ́gùn kò bá rọ́nà, ọpọlọ kọ̀ǹpútà yóò gbóná, yóò sì dín eré rẹ̀ kù fúnra rẹ̀ kí ó má baà jóná. Kì í ṣe ìyà ni ó fi ń jẹ olówó rẹ̀. Ara rẹ̀ ni ó ń dáàbò bò. Ẹni tí ó bá ń gbé kọ̀ǹpútà lé orí bẹ́ẹ̀dì tàbí tìmùtìmù, ihò tí ó fi ń mí ni ó ń dí. Ọ̀dọ́mọkùnrin náà fi ọwọ́ kan di fáànù mú kí ó má baà yí, ó sì fẹ́ eruku náà dànù.

Ó kan àwọn ètò tí ń jí pẹ̀lú kọ̀ǹpútà láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni pè wọ́n. Mẹ́rìnlá ni wọ́n bá. Mẹ́ta péré ni olùkọ́ náà ń lò. Wọ́n ní kí àwọn yòókù máa sùn títí di ìgbà tí a bá nílò wọn. Wọ́n wá fáírọ́ọ̀sì pẹ̀lú, nítorí pé fláàṣì tí ó ń ti ọwọ́ kan bọ́ sí ọwọ́ kejì kò yàtọ̀ sí igbá tí gbogbo ará ọjà fi ń mu omi. Ọ̀kan tí wọ́n ń pè ní Conficker, tí ó jáde ní ọdún 2008, bá fláàṣì wọ ọ̀kẹ́ àìmọye kọ̀ǹpútà káàkiri àgbáyé. Èyí sì tún gba ìṣọ́ra sí i fún ẹni tí ń lo Windows 10, nítorí pé ní ọjọ́ 14 oṣù kẹwàá ọdún 2025 ni Microsoft fòpin sí àtúnṣe ọ̀fẹ́ tí wọ́n ń ṣe fún un, bẹ́ẹ̀ ni ọ̀pọ̀ tòkúnbọ̀ kò ní agbára tí Windows 11 ń béèrè.

Ohun tí ó wú olùkọ́ náà lórí jù ni pé ọmọ yìí kì í ṣe ohun méjì lẹ́ẹ̀kan náà. Bí ó bá ti ṣe ọ̀kan, yóò pa kọ̀ǹpútà, yóò tún un tàn, yóò wo aago, yóò sì kọ ọ́ sínú ìwé. Kí wọ́n tó gbọn eruku, ìṣẹ́jú 9 ni ó fi ń ṣí. Lẹ́yìn rẹ̀, ó di 8. Nígbà tí àwọn ètò tí kò wúlò sùn, ó di 5. Ìgbà tí wọ́n yọ díìsìkì tí ń kú lọ náà, tí wọ́n fi irú tuntun tí kò ní ohun tí ń yí po rọ́pò rẹ̀, ni kò tó ìṣẹ́jú 1 mọ́. Bí ó bá ṣe pé gbogbo rẹ̀ ni ó dà pọ̀ ṣe lẹ́ẹ̀kan náà, ta ni ìbá mọ èyí tí í ṣe àrùn gan-an? Eruku àti àwọn ètò náà kún un, lóòótọ́, ṣùgbọ́n díìsìkì ni baba ìṣòro.

Nígbà tí gbogbo rẹ̀ parí, olùkọ́ náà jókòó, ó ń tẹ́tí sí àwọn ohùn náà lọ́kọ̀ọ̀kan. Gbogbo wọn ni ó jẹ́ ìpè àfi ẹyọ kan. Ìjálá ọ̀kan nínú àwọn ọdẹ méjì tí ó ti kú ni, èyí tí ó sun lálẹ́ ọjọ́ tí wọ́n ń ṣe ìsípà ọdẹ fún ọ̀rẹ́ rẹ̀. Orúkọ fáìlì náà wà, ọjọ́ tí wọ́n gbà á sílẹ̀ wà, ṣùgbọ́n kò sí ohùn nínú rẹ̀. Ọ̀dọ́mọkùnrin náà gbìyànjú títí ilẹ̀ fi ṣú, kò rí i ṣe. Olùkọ́ náà kọ orúkọ ọdẹ náà àti ti oko rẹ̀ sínú ìwé àkọsílẹ̀. Nígbà tí ó di òpin ọ̀sẹ̀, ó wọ ọkọ̀ lọ bá ọmọ ọdẹ náà, bóyá ó rántí díẹ̀ nínú rẹ̀. Ó rántí díẹ̀. Ohùn ọmọ kì í ṣe ohùn baba, ṣùgbọ́n ó sàn ju kí ojú ewé ṣófo lọ. Láti ìgbà náà, ibi mẹ́ta ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni olùkọ́ náà ń kó gbogbo ohùn pa mọ́ sí, ọ̀kan nínú wọn kò sì sí nínú ilé rẹ̀.

Ẹ̀kọ́ tí ó wà nínú ọ̀rọ̀ yìí kì í ṣe ti kọ̀ǹpútà nìkan. Olùkọ́ tí ó bá ní akẹ́kọ̀ọ́ tí ń fàlẹ̀ nínú ẹ̀kọ́ kò gbọdọ̀ sáré pè é ní olódo; ó lè jẹ́ pé ojú ń dùn ún, ó lè jẹ́ pé ebi ni ó gbé wá sí kíláàsì, ó sì lè jẹ́ pé ẹrù tí ó wà lórí rẹ̀ ti pọ̀ jù. Akẹ́kọ̀ọ́ tí kọ̀ǹpútà rẹ̀ bá dúró sójú kan nínú gbọ̀ngàn ìdánwò kò gbọdọ̀ máa tẹ̀ ẹ́ léraléra, nítorí pé iṣẹ́ kún iṣẹ́ ni ó ń dì lé e lórí. Kí ó nawọ́ sókè, kí ó sọ fún alábòójútó lójú ẹsẹ̀. Àwọn àgbà ní ohun tí a bá fi ẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́, ohun tí a bá fi agbára mú ní í le koko. Kí oníkálùkù kọ́kọ́ gbé ohun tí kò ṣe é fi owó rà sí ibi ààbò, kí ó béèrè kí ó tó dáhùn, kí ó sì tú kókó òwú ní ẹyọ kọ̀ọ̀kan.