Kùrukùru Òkè Ìdànrè Ń Jẹ Nínú Owó Kòkó Wa

Lọ́sẹ̀ tó kọjá, iṣẹ́ gbé mi láti Àkúrẹ́ lọ sí Ìdànrè, ọjọ́ kejì ni mo kọjá sí ìlú Oǹdó. Ohun tí mo rí ní ibi méjèèjì jọ ara wọn ju bí mo ṣe rò lọ, ìdí nìyẹn tí mo fi jókòó kọ ọ́. Ó gùn díẹ̀ o, ẹ fara balẹ̀ kà á.

Aago mẹ́fà ààbọ̀ àárọ̀ ni mo gun ọ̀kadà kúrò ní Àkúrẹ́. Nínú oṣù August báyìí, gbogbo wa la mọ̀ pé òjò máa ń sinmi díẹ̀, àmọ́ ìyẹn ò ní kí ilẹ̀ gbẹ. Ojú ọ̀run ṣú, òjò wíníwíní ń rọ̀. Bá a ṣe ń sún mọ́ Ìdànrè, mi ò rí òkè kankan. Ẹni tó bá mọ ibẹ̀ mọ̀ pé òkè Ìdànrè kì í ṣe nǹkan tó ṣeé fi pamọ́: àpáta ńláńlá tó yí ìlú ká, tó jẹ́ pé àtẹ̀gùn tó lé ní 600 lèèyàn máa gùn kó tó dé ìlú àtijọ́ lókè, níbi tí àwọn baba ńlá wọn gbé kí wọ́n tó sọ̀ kalẹ̀. Lọ́jọ́ yẹn, kùrukùru ti gbé gbogbo ẹ̀ mì. Ọlọ́kadà tan iná, ó ní, "Ọ̀gá, ẹ dì mí mú o, títì ń yọ̀."

Bàbá kan tó ti lé ní àádọ́rin ọdún ló ń dúró dè mí ní Aládé. Àárín òkè méjì ni oko kòkó wọn wà, nínú kòtò. Ká tó rìn débẹ̀, ṣòkòtò mi ti tutù dé orúnkún. Bàbá ní, "Ọmọ mi, ẹ̀ẹ̀marùn-ún ni mo ti fín oògùn láti May. Wò ó."

Mo wò ó. Èso tó wà nísàlẹ̀ igi ti fẹ́rẹ̀ẹ́ dúdú tán. Àwọn kan ti gbẹ mọ́ igi láti èṣí, kò sẹ́ni tó já wọn. Bàbá ní ẹnìkan ti wá bá àwọn láti ìlú, ó fẹ́ san owó kó gba oko náà fún ọdún mẹ́wàá, ọjọ́ Sátidé ló sì ń retí èsì. Àwọn ọmọ wọn ti ní kí wọ́n gbà. "Owó oògùn ti ju owó kòkó lọ." Mi ò bá wọn jiyàn, torí oògùn wọ́n lóòótọ́.

Ohun tí mo ṣe ni pé mo jókòó sínú oko. Mo fẹ́ mọ ìgbà tó máa gbẹ. Aago mẹ́sàn-án, omi ń kán. Aago mẹ́wàá, omi ń kán. Nígbà tó fi di aago mọ́kànlá ààbọ̀, kùrukùru ti ká kúrò lórí òkè, oòrùn díẹ̀ ti yọ, síbẹ̀ lábẹ́ igi Bàbá, ara èso ṣì ń làágùn bí ìgò mínírà tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ mú jáde nínú fìríìjì.

A wá sọdá odò kékeré kan sí oko ìyàwó àbúrò wọn, opó ni màmá náà. Òkè kan náà, kùrukùru kan náà. Ẹ̀ẹ̀mẹta péré ni màmá yìí ti fín oògùn. Ara èso wọn ti gbẹ ṣáká. Èso dúdú wà níbẹ̀ o, mi ò ní parọ́, àmọ́ a máa kọjá igi mẹ́ta mẹ́rin ká tó rí ẹyọ kan. Màmá ń gé èéhù tó ń yọ nídìí igi, wọ́n ń ro oko, ọ̀sọ̀ọ̀sẹ̀ ni wọ́n sì ń rìn ká láti já èso dúdú, wọ́n á gbẹ́ ihò sin ín.

Ẹ jẹ́ n ṣàlàyé. Àrùn tó ń mú èso kòkó dúdú yìí, black pod, omi ni ẹsẹ̀ rẹ̀. Èyí tó burú jù nínú rẹ̀ nílẹ̀ wa ni wọ́n ń pè ní Phytophthora megakarya. Inú ilẹ̀ ló ń sá pamọ́ sí nígbà ẹ̀ẹ̀rùn. Tí òjò bá rọ̀, omi á ta á láti ilẹ̀ mọ́ èso ìsàlẹ̀, èèrà náà á sì máa ru yẹ̀pẹ̀ rẹ̀ gòkè. Tó bá dé ara èso, irúgbìn rẹ̀ tí ojú ò lè rí á máa lúwẹ̀ẹ́ nínú omi tó wà níbẹ̀. Bí èso bá tètè gbẹ, agbára káká ló fi máa rọ́nà wọlé. Bó bá tutù dọ̀sán, ó wọlé nìyẹn, kò ju nǹkan bí ọ̀sẹ̀ méjì lọ tí odidi èso fi lè dúdú tán. Bí August ṣe ń tàn wá jẹ nìyẹn: òjò dín kù, àmọ́ oòrùn ò sí.

Oògùn Bàbá ńkọ́? Oògùn kọ́pà ni, ó dára. Ṣùgbọ́n àárọ̀ kùtù ni wọ́n ń fín in, nígbà tí omi ṣì ń ṣàn lára èso. Aṣọ ni oògùn kọ́pà, ó ń bo èso kí àrùn tó dé, kì í wo èyí tó ti dúdú sàn. Tẹ́ ẹ bá fín in sára èso tó tutù, ilẹ̀ lẹ fín in fún. Ẹ jẹ́ kí èso gbẹ ná, kẹ́ ẹ sì wo ojú ọ̀run bóyá òjò máa jẹ́ kó tó wákàtí mélòó kan. (Ẹ dákun, oògùn kòkòrò kì í ṣe oògùn àrùn yìí. Ẹni tó ṣì ń wá Gamalin kiri láti dà mọ́ ọn, owó ló ń sọ nù, wọ́n sì ti fòfin dè é.)

Mo ní kí Bàbá má tíì gé ẹ̀ka ńlá, ìyẹn di lẹ́yìn ìkórè, bíi January sí February. Èéhù, ẹ̀ka tó wólẹ̀, koríko àti èso dúdú ni iṣẹ́ tòní. A jọ ṣírò ẹ̀: ọmọkùnrin méjì, ọjọ́ mẹ́ta, kò tó owó oògùn ẹ̀ẹ̀kan. Bàbá ò dáhùn. Alẹ́ Friday ni wọ́n pè mí pé àwọn ti ní kí ọkùnrin náà ṣe sùúrù di ọdún tuntun, àwọn fẹ́ rí ìkórè October ná. Inú mi dùn, ẹ̀rù sì bà mí díẹ̀, torí ọ̀rọ̀ mi ni wọ́n gbé lé.

Ti Oǹdó ló yà mí lẹ́nu. Òjò wíníwíní ò dá títí ọkọ̀ wa fi wọ ìlú. Mo bá ìyá oníkòkó kan ní ṣọ́ọ̀bù wọn, òun àti àgbẹ̀ kan ń fa ọ̀rọ̀ lórí àpò mẹ́rin. Màmá fi ọ̀bẹ la kóró kòkó sí méjì lójú gbogbo wa: èébu funfun nínú. Wọ́n la òmíràn, bákan náà. Àgbẹ̀ ní, "Màmá, ọjọ́ mẹ́wàá ni mo fi sá a."

"Níbo lo sá a sí?"

"Etí títì."

"Nínú kùrukùru yìí? Ò ń rẹ ẹ́ ni, o ò sá a."

A rẹ́rìn-ín, àmọ́ ó dùn mí. Kòkó yẹn bọ́ lọ́wọ́ àrùn lórí igi, kùrukùru wá mú un nílẹ̀. Nínú ìlànà tí wọ́n fi ń yẹ kòkó wò, bí èyí tó bu bá ju 3 lọ nínú 100, kì í ṣe ipò kìíní mọ́. Bó bá ju 4 lọ, ipò kejì náà ti bọ́. Ní December 2024, nígbà tí iye kòkó lágbàáyé kọjá 12,000 dọ́là fún tọ́ọ̀nù kan, mo rí àwọn tó ń rà á láìla ẹyọ kan wò. Iye yẹn ti já wálẹ̀ gan-an kí 2025 tó parí, àwọn tó ń rà sì ti ń ṣà á.

Nítorí náà, ẹ kọ́ pẹpẹ tó ga tó ìbàdí, ẹ tẹ́ ẹní lé e, kí afẹ́fẹ́ máa gba abẹ́ rẹ̀. Ẹ fi ọ̀rá funfun ṣe òrùlé, àmọ́ ẹ má ṣe bo ẹ̀gbẹ́ rẹ̀. Ẹ tẹ́ kòkó fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́, ẹ máa rò ó káàkiri, kẹ́ ẹ sì kó o wọlé kí ìrì tó bẹ̀rẹ̀ sí í sẹ̀. Ẹ má gbé e sórí iná igi, òórùn èéfín kì í kúrò lára kòkó. Bó bá gbẹ dáadáa, tẹ́ ẹ bá fún ẹ̀kúnwọ́ kan pọ̀, ó máa dún wàràwàrà.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ wà láàárín òkè bí ará Ìdànrè, aago mélòó ni ara èso kòkó yín ń gbẹ láàárọ̀ báyìí? Ẹ lọ wò ó lọ́la, kẹ́ ẹ wá sọ fún mi.