Wáyà Mẹ́ta

Ilé-iṣẹ́ ńláńlá ló bí iṣẹ́ wíwé kọ́ìlì ní Ìlúpéjú. Àwọn atẹ̀wé bíi Academy Press ní Industrial Avenue, àwọn tó ń ṣe ike, àwọn tó ń di oúnjẹ sínú ọ̀rá, mọ́tọ̀ onífeesì mẹ́ta ni gbogbo wọn fi ń yí ẹ̀rọ wọn. Bí iná ìjọba bá mú feesì kan lọ nínú mẹ́ta, mọ́tọ̀ tó wà lẹ́nu iṣẹ́ kì í sábà dúró. Á máa fi méjì tó kù fa iná ju bó ṣe yẹ lọ, títí kọ́ìlì á fi gbóná, tí fánííṣì ara rẹ̀ á jó, tí òórùn á gba gbogbo ilé. Ìgbà náà ni wọ́n á ránṣẹ́ pe oníkọ́ìlì.

Ọ̀kan nínú àwọn oníkọ́ìlì yìí kọ́ṣẹ́ ládùúgbò náà nígbà tí iléeṣẹ́ mọ̀nàmọ́ná ṣì ń jẹ́ NEPA. Òòlù àti ṣísẹ́ẹ̀lì ni ọ̀gá rẹ̀ kọ́kọ́ fi lé e lọ́wọ́: kó gé orí kọ́ìlì tó jóná, kó fa wáyà bàbà jáde nínú ihò kọ̀ọ̀kan, kó sì ka iye ìgbà tí wáyà náà yí po. Ẹni tó bá ṣì í kà, mọ́tọ̀ tó bá wé lè má lágbára, ó sì lè tètè jóná. Lẹ́yìn ìyẹn ló kọ́ bí wọ́n ṣe ń tẹ́ bébà sínú ihò kí wáyà má baà kan irin, àti bí wọ́n ṣe ń so orí wáyà pọ̀. Ohun kan sì wà tí ọmọ-iṣẹ́ kì í pẹ́ mọ̀: bí mọ́tọ̀ bá ń yí sẹ́yìn, pààrọ̀ wáyà méjì èyíkéyìí nínú mẹ́ta, á yí síwájú.

Nígbà tó gba fírídọ̀mù, jẹnẹrétọ̀ kékeré ti gba ìlú. Èyí tí gbogbo èèyàn ń pè ní “I better pass my neighbour” kò ní ibi tí ọ́ìlì ń dá gbé. Tú-sítíróòkù ni, inú epo bẹntiróòlù gan-an ni wọ́n ń po ọ́ìlì sí. Kọ́ìlì rẹ̀ ló ń bá wọn wé ní ìbẹ̀rẹ̀, kó tó di pé ó ń tún kábúrétọ̀ ṣe, tó ń pààrọ̀ písítìnì, tó sì ń gba ọ̀kadà mọ́ ọn. Ìṣọ̀ rẹ̀ kì í ṣófo.

Ìyípadà dé láàárín ọdún méjì. Ní ọjọ́ kìíní oṣù kẹsàn-án 2022, ìjọba Èkó fòfin de ọ̀kadà ní ìjọba ìbílẹ̀ Mushin, níbi tí Ìlúpéjú wà. Ní ọjọ́ 29 oṣù karùn-ún 2023, Ààrẹ Tinubu kéde pé owó ìrànwọ́ orí epo ti tán, owó bẹntiróòlù fò sókè, ọ̀pọ̀ ilé sì bẹ̀rẹ̀ sí í wá ọ̀nà àtilo sólà àti ínfátà. Ní oṣù kẹjọ ọdún náà, GlaxoSmithKline, tó fi Industrial Avenue ṣe olú-iléeṣẹ́, kéde pé òun ń kásẹ̀ iṣẹ́ òun nílẹ̀ ní Nàìjíríà. Ọ̀kadà lọ, jẹnẹrétọ̀ ń dín, àwọn ilé-iṣẹ́ náà sì ń palẹ̀ mọ́.

Àsìkò yìí ni oníbàárà kan gbé ọkọ̀ akẹ́rù ìṣeré onírìmóòtù wá, èyí tí ẹ̀gbọ́n rẹ̀ fi ránṣẹ́ láti London sí ọmọ oníbàárà náà. Ọ̀wọ́ ọkọ̀ tí Traxxas ti Amẹ́ríkà sọ di olókìkí pẹ̀lú T-Maxx rẹ̀ lọ́dún 1999 ni, ẹ́ńjìnì gidi ló sì wà nínú rẹ̀. Ẹ́ńjìnì náà kò tó ìkúùkù, síbẹ̀ tú-sítíróòkù ni, bíi ti jẹnẹrétọ̀ kékeré. Methanol tí wọ́n po nitromethane àti ọ́ìlì mọ́ ni epo rẹ̀. Púlọ́ọ̀gì rẹ̀ kì í ta iná: wáyà platinum tín-ínrín ló wà nínú rẹ̀, tí wọ́n á fi bátìrì mú pọ́n. Bí ẹ́ńjìnì bá ti jí, wọ́n á yọ bátìrì kúrò, ooru inú rẹ̀ àti methanol á máa mú wáyà náà pọ́n lọ.

Ilé epo kì í ta irú epo bẹ́ẹ̀. Methanol kì í sì í ṣe ohun tó yẹ kó wà nítòsí ọmọdé. Òun ni àyẹ̀wò tọ́ka sí nínú ikú òjijì tó ṣẹlẹ̀ ní Òde-Ìrèlè, ìpínlẹ̀ Oǹdó, lọ́dún 2015, níbi tí ojú àwọn èèyàn ti fọ́ kí wọ́n tó kú. Oníkọ́ìlì náà gba bàbá ọmọ nímọ̀ràn pé kí àwọn yọ ẹ́ńjìnì, kí àwọn fi mọ́tọ̀ iná rọ́pò rẹ̀.

Mọ́tọ̀ tí wọ́n rà kò ní kábọ̀n. Nínú mọ́tọ̀ oníkábọ̀n, kábọ̀n ló ń gbé iná wọ ara ohun tó ń yí, ó ń ha, ó ń ta iná, ó sì ń jẹ tán. Nínú èyí, kọ́ìlì dúró sójú kan, òòfà ló ń yí láàárín rẹ̀. Wáyà mẹ́ta ló jáde lára rẹ̀. Oníkọ́ìlì pààrọ̀ méjì, mọ́tọ̀ yí sẹ́yìn, gẹ́lẹ́ bíi ti ẹ̀rọ ìtẹ̀wé tó fi kọ́ṣẹ́.

Ìmọ̀ náà kì í ṣe tuntun. T. G. Wilson àti P. H. Trickey ti ṣàlàyé irú mọ́tọ̀ yìí ní Amẹ́ríkà lọ́dún 1962. Òòfà neodymium tó dé ní àwọn ọdún 1980, láti ọwọ́ Sumitomo ní Japan àti General Motors ní Amẹ́ríkà, ló jẹ́ kí mọ́tọ̀ tó wọ àtẹ́lẹwọ́ lè ní agbára tó bẹ́ẹ̀. Kọntíróólà ló ń sọ iná bátìrì di feesì mẹ́ta. Ó ń gbé iná sí wáyà méjì, ó sì ń ka fóltì tó ń padà bọ̀ lórí ẹ̀kẹta, kó lè mọ ibi tí òòfà dé.

Yíyan mọ́tọ̀ gba ìṣirò. Jíà ọkọ̀ náà, ẹ́ńjìnì tó ń yí ní nǹkan bí ìgbà 30,000 ní ìṣẹ́jú kan ni wọ́n ṣe é fún. Bátìrì lítíọ́ọ̀mù onísẹ́ẹ̀lì mẹ́rin jẹ́ fóltì 14.8. Bí mọ́tọ̀ bá ń yí ìgbà 2,000 lórí fóltì kan, àpapọ̀ rẹ̀ jẹ́ 29,600, jíà àtijọ́ sì gbà á. Wọ́n yọ táǹkì, sàléńsà àti kílọ́ọ̀ṣì. Mọ́tọ̀ kékeré tó ń fa bíréèkì kúrò pẹ̀lú, èyí tó ń darí ẹsẹ̀ iwájú dúró. Wọ́n gé pátákó aluminiọ́ọ̀mù fún ìjókòó mọ́tọ̀, wọ́n fi bébà tẹ́ẹ́rẹ́ sáàárín eyín jíà méjèèjì kí wọ́n tó dè é, kó má fún jù, kó má sì dẹ̀ jù. Bátìrì gba ipò táǹkì. Wọ́n ṣètò kọntíróólà kó gé iná kí sẹ́ẹ̀lì kankan tó wálẹ̀ dé fóltì 3, nítorí ibẹ̀ ni bátìrì ti ń bàjẹ́.

Ohun tí wọ́n ṣe sí ọkọ̀ ìṣeré yìí, àwọn kan ti ń ṣe é sí ọkọ̀ gidi. Láti ọdún 2014 ni Ṣẹ́gun Oyèyíọlá, akẹ́kọ̀ọ́ Yunifásítì Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀ ní Ifẹ̀, ti sọ ọkọ̀ Beetle di ọkọ̀ tó ń lo oòrùn àti afẹ́fẹ́. Ní Kútọnu àti Lomé, àwọn ọlọ́kadà ń pààrọ̀ bátìrì ní ibùdó iléeṣẹ́ Spiro bí ẹni pààrọ̀ sìlíńdà gáàsì. Mọ́tọ̀ aláìníkábọ̀n ló sábà ń gbé irú ọ̀kadà bẹ́ẹ̀ àti kẹ̀kẹ́ oníná. Wáyà tó nípọn mẹ́ta ló ń jáde lára wọn, tẹ́ẹ́rẹ́ márùn-ún sì sábà ń tẹ̀ lé e, èyí tó ń sọ ibi tí òòfà wà fún kọntíróólà.

Àwọn mẹ́ta tó nípọn yẹn, ọwọ́ oníkọ́ìlì Ìlúpéjú ti mọ̀ wọ́n tipẹ́. Márùn-ún yòókù àti pátákó inú kọntíróólà ni àwọn ọmọ-iṣẹ́ rẹ̀ ń kọ́ báyìí, pẹ̀lú mítà àti irin ìjó-òjé. Ó fẹ́ kí ilé-ẹ̀kọ́ iṣẹ́ ọwọ́ ìjọba tó wà ní Agidingbi, ní Ìkẹjà, máa rán akẹ́kọ̀ọ́ wá sí ìṣọ̀ irú tirẹ̀, kí àwọn ọmọ náà kọ́ ìṣirò ní kíláàsì, kí wọ́n sì fọwọ́ ara wọn wé kọ́ìlì. Bí wọn kò bá ṣe é, mọ́tọ̀ kẹ̀kẹ́ tó bá jóná ní Èkó, òkè òkun ni wọn yóò ti máa ra òmíràn, nígbà tó jẹ́ pé wáyà bàbà àti ẹni tó mọ̀ ọ́n wé wà ní Ìlúpéjú.