Àmúró Inú Gìtá

Yorùbá bọ̀, wọ́n ní ohun tí ó wà lẹ́yìn ẹ̀fà, ó ju èje lọ. Ẹni tí ó bá rí gìtá lọ́wọ́ olórin, okùn rẹ̀ ni ojú onítọ̀hún yóò kọ́kọ́ lọ bá, lẹ́yìn náà ihò àárín rẹ̀ àti dídán ara igi. Àwọn igi tẹ́ẹ́rẹ́ tí a lẹ̀ mọ́ abẹ́ ojú gìtá náà nínú òkùnkùn kì í hàn sí ẹnikẹ́ni. Síbẹ̀, àwọn gan-an ni wọ́n ń pinnu bóyá igi náà yóò fọhùn tàbí yóò yadi.

Gbẹ́nàgbẹ́nà kan ní Joju, ní agbègbè Sàńgó-Ọ̀tà, fi òógùn ojú kọ́ ẹ̀kọ́ yìí. Àga, ibùsùn àti ilẹ̀kùn ni iṣẹ́ rẹ̀ láti kékeré, ohun tí ó sì fi ń yangàn ni pé àga tí òun bá kàn kì í mì. Nígbà tí ọ̀dọ́mọkùnrin kan tí ń ta gìtá ní ṣọ́ọ̀ṣì wá bẹ̀ ẹ́ pé kí ó bá òun kan gìtá tí kò nílò iná mànàmáná, ó gba iṣẹ́ náà. Ó gba àsansílẹ̀ owó, ó sì ná an.

Igi arère ni ó fi ṣe ojú gìtá, nítorí pé ó fúyẹ́. Ó fá a títí ó fi ku nǹkan bí mìlímítà 3. Pákó tín-ín-rín yìí ni okùn irin mẹ́fà yóò máa fà tọ̀sán-tòru pẹ̀lú agbára tí ó tó nǹkan bí 70 kílò, ìwọ̀n odidi àgbàlagbà kan. Ẹ̀rù bà á. Ó la igi apá, ó fi ṣe àmúró tí ó nípọn, ó sì lẹ̀ wọ́n mọ́ abẹ́ ojú náà bí ẹni ń kan ìdí ibùsùn. Gìtá náà le koko, ṣùgbọ́n nígbà tí wọ́n ta okùn rẹ̀, ohùn rẹ̀ kò ju ti ẹni tí ń kan àpótí lọ.

"Ọ̀gá, ẹ má bínú," ni ọmọ-ẹ̀kọ́ṣẹ́ rẹ̀ wí. "Ó dà bí ẹni tí wọ́n fi aṣọ dí lẹ́nu."

Ó kan èkejì, ó sì fá àmúró rẹ̀ títí ó fi fẹ́rẹ̀ẹ́ tán. Ohùn eléyìí rinlẹ̀, ó sì dùn. Kò pé ọ̀sẹ̀ méjì tí ojú gìtá náà fi wú lẹ́yìn afárá tí okùn so mọ́, tí ó sì rì níwájú rẹ̀. Bí ìlù bá dún àdúnjù, yíya ni ó ń ya. Owó ti tán, pákó ti bàjẹ́, oníṣẹ́ sì ń bèèrè iṣẹ́ rẹ̀.

Ohun tí ó ń wá yìí ti da àwọn àgbà oníṣẹ́ láàmú rí. Antonio de Torres, gbẹ́nàgbẹ́nà ará Sípéènì tí a bí ní 1817, to àmúró méje tẹ́ẹ́rẹ́ bí abẹ̀bẹ̀ tí a ṣí. Ní 1862, ó ṣe gìtá kan tí ẹ̀yìn àti ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ jẹ́ páálí, tí ojú rẹ̀ nìkan jẹ́ igi gidi, láti fi hàn pé ojú ni ohùn ti ń wá. C. F. Martin, ará Jámánì tí ó kó lọ sí Amẹ́ríkà ní 1833, bẹ̀rẹ̀ sí í gbé àmúró méjì dábùú ara wọn bíi lẹ́tà X ní àwọn ọdún 1840. Nígbà tí okùn irin gbòde lẹ́yìn náà, ìdábùú yìí ni ó lè gba agbára rẹ̀. Ní ilẹ̀ wa, láti nǹkan bí 1949 tí Àyìndé Bákàrè ti so gìtá jùjú mọ́ ẹ̀rọ, iná ni ó ń gbé ohùn náà jáde. Ọ̀rọ̀ inú gìtá kò fi bẹ́ẹ̀ jẹ́ ti ẹnikẹ́ni mọ́.

Àṣírí kan wà nínú ìṣirò igi. Bí a bá sọ ìbú àmúró di ìlọ́po méjì, agbára tí kì í jẹ́ kí ó tẹ̀ yóò di ìlọ́po méjì. Ṣùgbọ́n bí a bá sọ gíga rẹ̀ di ìlọ́po méjì, agbára náà yóò di ìlọ́po mẹ́jọ, bẹ́ẹ̀ ìwọ̀n igi tí a fi kún un kò ju ara wọn lọ. Àmúró tí ó ga tí ó sì tẹ́ẹ́rẹ́ ni ó yẹ kí ó wá.

Ìrun igi arère máa ń lọ́ mọ́ra, kò dára fún irú àmúró bẹ́ẹ̀. Ọkùnrin yìí rí pákó páìnì lára àpótí tí ilé-iṣẹ́ kan fi kó ẹ̀rọ wọlé, tí ìrun rẹ̀ tọ́ gbọọrọ. Ó fi àáké là á, kò fi ayùn rẹ́ ẹ, kí ìrun igi má baà já. Ó dábùú méjì lábẹ́ afárá, ó jẹ́ kí wọ́n ga láàárín, ó sì fá ìpẹ̀kun wọn rẹlẹ̀. Ìdájí ni ó ń ṣe iṣẹ́ náà, kí jẹnẹrétọ̀ tó bẹ̀rẹ̀ ariwo. Bí ó bá fá díẹ̀, yóò fi ìka kan ojú gìtá, yóò tẹ́tí. Nígbà tí ìró náà kúrò ní kò, tí ó bẹ̀rẹ̀ sí í hùn, ó gbé ìfági sílẹ̀, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé ọwọ́ rẹ̀ ṣì fẹ́ fá a sí i.

Nígbà tí ọ̀dọ́mọkùnrin náà ta á, gbẹ́nàgbẹ́nà gbé àtẹ́lẹwọ́ lé ojú gìtá, ó sì gbọ̀n lábẹ́ ọwọ́ rẹ̀. Ọkùnrin tí àga rẹ̀ kì í mì wá mọ̀ pé ohun tí kò bá lè mì kò lè fọhùn, àti pé ohun tí kò ní àmúró kò lè pẹ́. Àárín méjèèjì ni iṣẹ́ ọwọ́ wà. Ibẹ̀ náà ni iṣẹ́ ẹni tí ń tọ́ ọmọ wà.